Obìnrin Tó Ń Ka Ìdákẹ́jẹ́

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná kan ní Bronx, ní ìlú New York. Ọmọ àbúrò ìyá mi kọjú sí mi, ó bi mí pé báwo ni nǹkan ti ń lọ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mo dá a lóhùn bí ọmọ Yorùbá ṣe ń dáhùn: "A dúpẹ́. Kò séwu. Ọlọ́run ń ṣe é." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Nílé wa, bí èèyàn bá ti ní a dúpẹ́, ẹni tó béèrè náà á dúpẹ́, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò bọ́ síbì kankan. Ó kàn ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì, kò di ẹ̀ṣẹ́, kò káwọ́ lérí. Fíríìjì ń kùn. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú títì. Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo la ẹnu, ohun tó sì jáde kì í ṣe ohun tí mo gbèrò láti sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ó gbọ́ ọ tán kó tó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mẹ́jọ," ló wí. "Mo kà á dé mẹ́jọ, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ ò tilẹ̀ dé mẹ́wàá."

Iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ ni à ń ṣe. Olùkọ́ ní kí ó wá ẹnìkan tí kì í ṣe oníbàárà, kí ó fi ogún ìṣẹ́jú fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Èmi tí mo wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì ló rí mú. Ìyá Ìbejì ni gbogbo ẹbí ń pè é, àwọn ìbejì náà sì ti ń wa mọ́tò báyìí. Ó ti lé dáadáa ní ogójì ọdún kó tó padà sí kíláàsì. Láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn: ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń gbé wọn dìde, ó ń rán wọn létí oògùn. Òru ló fi ń ṣe ìyẹn títí di òní. Ọ̀sán ló fi ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì kan, níbi tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Human Services, èyí tó ń múni gbáradì fún iṣẹ́ ríran ọmọnìyàn lọ́wọ́: lọ́dọ̀ àwọn arúgbó, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́, lọ́dọ̀ ẹni tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú, lọ́dọ̀ ẹni tí onílé lé jáde.

Nígbà tó kọ́kọ́ fi ìròyìn náà sórí WhatsApp ẹbí, ẹ̀gbọ́n wa kan ní Ìbàdàn béèrè bóyá àánú ṣíṣe náà ti di ohun tí èèyàn ń gba ìwé-ẹ̀rí lé lórí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an fi àwòrán ẹlẹ́rìn-ín mẹ́ta sí i. Ìdákẹ́jẹ́ tó kà dé mẹ́jọ yẹn ló mú ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi.

Nílé, Wẹ́fíà la mọ̀. Ọ́fíìsì tí obìnrin máa ń gbà lọ ni, bí ọkọ rẹ̀ kò bá fún ọmọ lówó oúnjẹ. Wọ́n á ránṣẹ́ pe ọkọ, ìyáàfin kan tó wọ gíláàsì á sì bá a wí dáadáa níwájú ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá dá ṣáṣá là ń rò pé iṣẹ́ náà yẹ. Kò sẹ́ni tó wá sí ọkàn mi rí pé etí ni irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pọ́n ọn bí àdá.

Kì í ṣe èèṣì ló gbé irú obìnrin bíi tirẹ̀ dé irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ní 1963 ni Ààrẹ Kennedy bu ọwọ́ lu òfin tó pèsè owó fún àwọn ibùdó ìtọ́jú ọpọlọ ládùúgbò, kí àwọn aláìsàn lè kúrò ní àwọn ilé ìwòsàn ràgàjì tí wọ́n há wọn mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ Johnson kéde ogun lórí òṣì. Owó dé, ọ́fíìsì ń ṣí, àwọn tí yóò jókòó ti àwọn èèyàn níbẹ̀ kò sì tó. Ní New York, obìnrin kan tó ń jẹ́ Audrey Cohen dá Women's Talent Corps sílẹ̀ ní 1964. Èrò rẹ̀ ni pé àwọn obìnrin tó ń gbé láàárín àwọn tálákà, tí wọ́n ti tọ́mọ níbẹ̀, tí wọ́n mọ ilẹ̀kùn tó ń ṣí àti èyí tí kì í ṣí, ti mọ púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn. Kí wọ́n kọ́ wọn ní èyí tó kù, kí wọ́n sì gbà wọ́n síṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà di College for Human Services ní 1970. Metropolitan College of New York ni wọ́n ń pè é lónìí. Ibẹ̀ kọ́ ni Ìyá Ìbejì ti ń kàwé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ìtàn náà, ó ṣe mí bíi pé ẹnìkan ti rí i ní ọ̀kánkán kí wọ́n tó bí i.

Ní kíláàsì Ìyá Ìbejì, ìjókòó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Gerard Egan, ẹni tí ìwé rẹ̀ The Skilled Helper jáde ní 1975, ló kó ìjókòó ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sínú lẹ́tà márùn-ún, SOLER: kọjú sí ẹni náà, má ká apá mọ́ àyà, fara sún mọ́ ọn díẹ̀, wò ó lójú, kí ara rẹ sì balẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Lẹ́tà kẹrin ló fìyà jẹ Ìyá Ìbejì. Ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ti gbá létí rí nítorí pé ó tẹjú mọ́ àgbà, báwo ni yóò ṣe wo obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún lójú kó sì máa bi í nípa ọkọ rẹ̀?

Wọ́n máa ń fi fóònù ya ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ìdánrawò wọn kí wọ́n lè wo ara wọn lẹ́yìn náà. Ó fi ọ̀kan hàn mí, èyí tí òun àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ṣe, ó sì ti kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ onítọ̀hún. Ohùn rẹ̀ dára nínú fídíò náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n àgbọ̀n ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ló ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tí wọ́n ní kó wá irùngbọ̀n kan níbẹ̀. Olùkọ́ kò ní kó sọ ẹ̀kọ́ ilé nù. Ó ní kó lọ ṣọ́ àwọn tí yóò bá ṣiṣẹ́: ta ni ojú wíwò ń tù nínú, ta ni ojú ń tì? Ohun tó wá ṣe pẹ̀lú ojú rẹ̀ báyìí, mi ò rí i kà nínú ìwé kankan. Bí mo bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ń wò mí lójú. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ibi tó ń tini lójú, ojú rẹ̀ á rọra sọ̀kalẹ̀ sórí ọwọ́ ara rẹ̀, bí ẹni tó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí èèyàn lè so okùn ṣòkòtò rẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún gbé ojú sókè. Ìgbà mẹ́ta ló ṣe é láàárín ogún ìṣẹ́jú, kò sì ṣe é níbi tí kò yẹ.

Kó tó bi mí ní ohunkóhun rárá, ó ti sọ ohun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bí mi nínú. Ó ní ohun tí mo bá sọ kò ní jáde, àfi ohun mẹ́ta: bí mo bá ní mo fẹ́ pa ara mi, bí mo bá ní mo fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí bí òun bá fura pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé níbì kan. "Àwọn yẹn, bọ̀ọ̀dá mi, mi ò lè gbé e mì." Èmi tí mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi! Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí. Òfin New York fi dandan lé e fún àwọn òṣìṣẹ́ bíi tiwọn láti kéde ìyà tí wọ́n bá fura pé wọ́n fi ń jẹ ọmọdé, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà kí ó tó tú àpò rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti tú u tán. Mo rò ó wò. Mélòó nínú wa ni wọ́n ti sọ fún pé "sọ fún mi, kò sẹ́ni tó máa gbọ́", tí gbogbo agbo ilé sì gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú? Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ fi ojú ihò tó wà lára agbọ̀n hàn mí, kí n tó kó ẹrù mi sí i.

Ìbéèrè ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ràn èdè wa bá mi dúró lé lórí. Àwọn olùkọ́ wọn kì í fẹ́ kí wọ́n máa fi "why" bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè, nítorí pé ẹni tí wọ́n bi bẹ́ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwíjàre. Ìyá Ìbejì ní ní Gẹ̀ẹ́sì, ìkìlọ̀ lásán ni; ní Yorùbá, ẹjọ́ gan-an ni. "Kí ló dé tí o fi kúrò níbi iṣẹ́?" Ìyẹn ti dájọ́ kó tó parí, ìbáwí ló kù. Nítorí náà ó mú ìwé kan, ó sì kó àwọn ìbéèrè Yorùbá tí kò dájọ́ jọ síbẹ̀, ó ń tọ́ wọn wò bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. "Báwo lọ̀rọ̀ iṣẹ́ yẹn ṣe lọ?" Ọ̀rọ̀ ló lọ, kò sí ọ̀daràn nínú rẹ̀. "Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Ọjọ́ ló gbé e. "Ẹ mú mi dé ibẹ̀." "Kí lẹ rí tí ẹ fi mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́?" Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo ní kó tún un sọ. "Èéṣe tí o fi kọ ọkọ rẹ sílẹ̀" kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti gbé ọgbọ́n lé ẹni náà lọ́wọ́ kó tó béèrè.

Bí mo bá ti sọ gbólóhùn mẹ́rin, márùn-ún, á gbà á, á sì dá a padà fún mi ní kékeré. Ohun tí ìdákẹ́jẹ́ yẹn fà jáde lẹ́nu mi ni pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó ń pè mí mọ́ àfi ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. Ó ní: "Ó jọ pé owó kọ́ ló ń dùn yín, bí wọn kì í ṣe béèrè ara yín kí wọ́n tó béèrè owó ni. Àbí mi ò gbọ́ ọ dáadáa?" Ẹ wo ìdí gbólóhùn náà. "Àbí mi ò gbọ́ ọ dáadáa" ni oríkèé tó mú kí ilẹ̀kùn náà lè ṣí síwá sẹ́yìn. Bí kò bá sí níbẹ̀, á jẹ́ pé ó ń sọ inú mi fún mi, bí wòlíì. Nítorí pé ó wà níbẹ̀, mo lè tún un ṣe. Mo sì tún un ṣe: "Owó náà ń dùn mí díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Owó náà ń dùn yín díẹ̀," a sì ń bá a lọ.

Ohun kan wà tí mo rò pé a ti ju àwọn ará kíláàsì rẹ̀ lọ níbẹ̀. Wọ́n ń fi odindi ọ̀sẹ̀ kọ́ gbólóhùn tí èèyàn fi ń jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ pé ohun tó ń dùn ún dun òun náà. Àwa ti ní pẹ̀lẹ́. Ẹni tó kọsẹ̀, pẹ̀lẹ́. Ẹni tó ń ṣàìsàn, pẹ̀lẹ́. Ẹni tí kò ṣẹ̀ wá tí a kò sì ṣẹ̀, pẹ̀lẹ́. Mo fi í yangàn fún Ìyá Ìbejì. Ó gbà, àmọ́ ó ní ó ti fi pẹ̀lẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́ rí. Bí ó bá tètè jáde, ó máa ń pa ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á ní "ẹ ṣeun", á sì nu ojú rẹ̀. Ó ti kọ́ láti dì í mú. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi, ó sì ti pẹ́ kó tó sọ ọ́.

Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ní òpó mẹ́rin. Ní àkọ́kọ́, ohun tí oníkálukú sọ, bí ó ṣe sọ ọ́ gan-an, títí kan "ẹ̀n-ẹ́n" àti ikọ́. Ní èkejì, ohun tó ń lọ nínú akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ lásìkò náà. Ní ẹ̀kẹta, ọgbọ́n wo ló rò pé òun ń lò. Òpó kẹrin ṣófo: ti olùkọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ti ń kọ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Process recording ni wọ́n ń pè é. Ó wà nínú fáìlì rẹ̀ lọ́pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí i, ó kọ́kọ́ yọ àwọn ewé kan, ó sì dà wọ́n dé lórí tábìlì. "Ti ibi iṣẹ́ nìyẹn." Kò tún mẹ́nu kàn án. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló fi ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ibùdó àwọn arúgbó kan, gbogbo ọ̀sẹ̀ méjì tí mo sì fi wà lọ́dọ̀ wọn, mi ò gbọ́ orúkọ arúgbó kan lẹ́nu rẹ̀, mi ò gbọ́ ìtàn kan. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti kékeré mọ ohun tí ìyẹn ná an, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn sọ tó o nínú ẹbí wa.

Nínú èyí tó jẹ́ ti ìdánrawò, mo ka ojú ewé kan láti ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ pé ọmọ òun ọkùnrin kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá Ìbejì dá a lóhùn ní ìlà méjìlá gbáko: kó gbàdúrà, kó pe ọmọ náà lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, kó se oúnjẹ tí ọmọ náà fẹ́ràn, kó wá àgbàlagbà kan tí ọmọ náà ń bẹ̀rù. Ìmọ̀ràn tó dára ni. Èmi náà ì bá fún un. Ní òpó kejì, ó kọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé: "Ẹ̀rù ń bà mí. Mo rántí ọmọ tèmi." Olùkọ́ sì fi bíírò pupa kọ ọ́ sí òpó kẹrin: ta ni ìmọ̀ràn yìí ń tù nínú?

Mo bá a jiyàn lórí èyí. Ìmọ̀ràn kọ́ ni àgbà fi ń jẹ́ àgbà? Ó ní òun kò sọ pé kí wọ́n má gba ara wọn nímọ̀ràn; ibi tí ìmọ̀ràn ti wọlé ló ṣe pàtàkì. Bí arúgbó kan bá wá, tó sì ní ìmọ̀ràn gan-an lòun wá gbà, òun á fún un, àmọ́ òun á kọ́kọ́ béèrè ohun tó ti gbìyànjú. "Èèyàn kì í jí lónìí kó ní wàhálà lónìí, bọ̀ọ̀dá mi. Ó ti ṣe nǹkan márùn-ún kó tó wá bá mi. Bí mo bá lọ sọ ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn fún un ńkọ́?"

Mo rántí babaláwo. Ẹni tó wá dífá kì í ro ẹjọ́ fún un. Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ sí owó, ní jẹ́jẹ́, babaláwo kò ní gbọ́. Ifá á jáde, babaláwo á máa ki ẹsẹ odù, ẹsẹ kan lé òmíràn, títí oníbéèrè fúnra rẹ̀ yóò fi sọ pé, ibẹ̀ yẹn ni, ìyẹn lọ̀rọ̀ mi. Oníbéèrè ló mọ ohun tó ń ṣe é, òun ló ń mú ìtàn tó bá a mu. Mo sọ èyí fún Ìyá Ìbejì, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé. Ó kọ́kọ́ fẹnu ṣe ṣìọ̀, lẹ́yìn náà ó kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀.

Ìwé kíkọ wọn mìíràn tún wà, ti ojoojúmọ́, èyí tí wọ́n máa ń kọ sínú fáìlì oníbàárà. Níbẹ̀ ni mo ti rí òǹkọ̀wé tó mọ iṣẹ́ ju èmi tí mo fi ìwé kíkọ jẹun lọ. Wọ́n fún wọn ní gbólóhùn, wọ́n ní kí wọ́n tún un kọ. "Ó mutí yó nígbà tó dé." Ìyá Ìbejì fi ìlà gba àárín rẹ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n? Ó kọ ọ́ pé òórùn ọtí ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú, ó ní òun kò tíì jẹun láti àná. Ẹ wò ó bí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ohun mìíràn: ó lè jẹ́ ọtí, ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ àìsàn ìtọ̀ ṣúgà. Ẹni tó bá ka fáìlì náà lọ́dún mẹ́ta sí i kò ní bá ọ̀mùtí níbẹ̀, àfi èèyàn kan tó dúró ti ògiri. Mo ti kọ àpilẹ̀kọ fún ọdún púpọ̀, mo sì mọ iye ọ̀mùtí tí mo ti dá sílẹ̀ lórí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n yára gba ibi owó kọjá: owó iṣẹ́ náà kò pọ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wọlé.

Gbólóhùn kan wà tó gba Ìyá Ìbejì ní ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó lè gbé e. Bí oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé sú, wọ́n kọ́ wọn láti bi í ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Wọn kò gbọ́dọ̀ ní "ẹ ò kúkú ní ṣe ara yín ní nǹkan kan, àbí?", torí pé ìdáhùn tí olùbéèrè ń fẹ́ ti wà nínú ìyẹn. Àwọn tó ṣèwádìí rẹ̀ ti rí i pé bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí ẹni tí kò ní i lọ́kàn. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ geere. Ní Yorùbá, ẹnu wa ti kọ́ láti yà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: a ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a ní ká má rí i, a fi ọwọ́ yí orí ká. Iwájú dígí balùwẹ̀ ló ti ń kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì gbọ́ ọ lóru kan láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sáré wọlé pẹ̀lú omijé, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di àlàyé.

Mo ní kó sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara yín?" Ohùn kan náà tó fi béèrè bóyá mo ti jẹun ni. Kò rẹ ohùn sílẹ̀, kò fà á bí ẹni ń ṣọ̀fọ̀. Mo ní rárá, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ì bá rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ sí ohùn yẹn. Bí ẹni náà bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní fi í sílẹ̀; á béèrè síwájú sí i, á wá ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n á jọ pe 988, nọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà láti 2022. Wọ́n á jọ pè é: ìyẹn náà jẹ́ ara iṣẹ́. Bó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ ìjọba ni, kì í kọ nọ́ńbà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kó ní kó máa lọ. Á tẹ nọ́ńbà náà, á jẹ́ kí fóònù sọ̀rọ̀ síta, àwọn méjèèjì á jọ máa gbọ́ orin ìdúródè yẹn títí ẹnìkan á fi gbé e. Oníbàárà ni yóò sọ̀rọ̀. Òun á kàn wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ní alẹ́ náà ni àwòrán yíyà. Ó kọ́kọ́ ya ẹbí mi. Àpótí fún ọkùnrin, róbótó fún obìnrin, ìlà tó so wọ́n pọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ra, ìlà wẹ́wẹ́ méjì tó gé e kọjá bí wọ́n bá kọ ara wọn, X lórí ẹni tó ti lọ. Genogram ni wọ́n ń pè é. Monica McGoldrick àti Randy Gerson kọ ìwé ìlànà rẹ̀ ní 1985. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá mi, tó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin tó sì tún ṣú ọ̀kan lópó, bébà tán. Ó lẹ òmíràn mọ́ ọn. Ó ṣe ìlà pupa yí àwọn ọmọ ìyá kan náà ká lábẹ́ bàbá kan ṣoṣo, ó ní ìwé kò kọ́ òun ní ìyẹn, àmọ́ ẹni tí kò bá mọ ọmọ ìyá yàtọ̀ sí ọbàkan kò tíì mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Èkejì ni ti Ann Hartman, ẹni tó gbé e jáde ní 1975: ecomap. Róbótó ńlá kan wà láàárín, èmi nìyẹn. Róbótó kéékèèké yí i ká: ṣọ́ọ̀ṣì, dókítà, ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé, àwọn ọmọ mi, ẹbí Ìbàdàn, ẹbí Ògbómọ̀ṣọ́, onílé tí mo ń bá ṣẹjọ́. Ìlà tó nípọn fún okùn tó yi, ìlà tó ń já fún èyí tó tín-ín-rín, ìlà tó ní eyín bí ayùn fún èyí tó ń dáni lágara. Gbogbo èyí ló bi mí tó sì yà. Lẹ́yìn náà ó gbé bíírò fún mi. Ó ní kí n fúnra mi fi orí ọfà sí wọn: agbára ń ti ibo lọ sí ibo?

Mo fi sí ti àkọ́kọ́. Mo fi sí èkejì. Nígbà tí mo dé ìkẹfà, mo gbé bíírò sílẹ̀ kí n lè wo ohun tí mo ń ṣe. Gbogbo wọn kọjú síta. Àfi ọ̀kan, ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí mo fi orí sí ní ìhà méjèèjì, mo sì mọ̀ pé àsọdùn wà níbẹ̀.

Kò sọ pé "ṣé ẹ rí i?" Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Nígbà tó ṣe, ó ká bébà náà sí mẹ́rin ó nà án sí mi. Mo ní ṣé kò ní fi í hàn olùkọ́ ni? Ó ní rárá, àkọsílẹ̀ tòun lòun á fi hàn, láìsí orúkọ. Àwòrán yìí, tèmi ni. Mo fi í sáàárín ìwé ìrìnnà mi. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù ní Bronx, èyí tó jẹ́ aago márùn-ún ìdájí ní Ìbàdàn, fóònù mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì, ó ń rìn lọ síbi àwo bí alákàn. Ẹ̀gbọ́n wa tó fi ìwé-ẹ̀rí àánú ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo wo orúkọ rẹ̀, mo wo Ìyá Ìbejì. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí tábìlì, kò di ẹ̀ṣẹ́, kò káwọ́ lérí. Ètè rẹ̀ ń mì fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó ti tó mẹ́rin.